Kí Apẹ̀rẹ̀ Tó Dé Ilé Ìdáná

Ìwé àjọ̀dún bí irú èyí a máa kún fún ìrántí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti kọjá lọ, eré ìdárayá tí a borí, àti ẹgba tí a jẹ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a kọ àpilẹ̀kọ yìí, oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wa. Ọjà ni a fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ ọjà náà ni a sì bẹ olóòtú pé kí ó fún wa ní ojú ewé díẹ̀ láti sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ga púpọ̀. Ó kan tòmátò, ó kan ẹ̀wà, ó kan ìgò òfìfo, ó sì kan owó oúnjẹ tí ẹ̀yin òbí ń san lórí àwọn ọmọ tí ń gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òkè-Baálẹ̀ níbí.

Ní sáà tí ó kọjá, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde rán àwa mélòó kan pé kí a lọ wo ìdí tí owó oúnjẹ fi ń gorí ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí a má purọ́, olè ni a rò pé a óò bá níbẹ̀. A ti fi ọkàn sí i pé ẹnìkan ní láti máa bu ìrẹsì sílé, tàbí pé ẹnìkan ń kọ iye tí kò ná sínú ìwé. A yẹ ìwé wò, a wọn ìrẹsì, a ka iṣu. A kò bá olè kankan. Ohun tí a bá ni apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà.

Ìyá tí ó jẹ́ olórí àwọn alásè tú okùn apẹ̀rẹ̀ náà lójú wa. Lókè, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó ń dán. Nígbà tí ìyá náà ki ọwọ́ dé àárín, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe tòmátò mọ́. Ó ti di ọbẹ̀ tí iná kò sè, ó ń hó, kòkòrò sì ti wà lórí rẹ̀. Abọ́ ńlá méjì ni ó dà sẹ́yìn ilé nínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. A bi í léèrè bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí dára. Ẹ kò tíì rí ti oṣù karùn-ún.” Nígbà náà ni ó yé wa pé olè tí a ń wá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ó ti jalè, kí apẹ̀rẹ̀ tó wọ ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà padà. Ọ̀pọ̀ nínú tòmátò tí a ń jẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ti ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkè Ọya ni ó ti ń wá, láti àwọn oko tí wọ́n ń fi omi ìsédò bomi rin ní agbègbè Kura àti Kadawa ní Ìpínlẹ̀ Kano, àti láti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká. Wọ́n ká a ní pípọ́n, nítorí oníbàárà fẹ́ kí ó pọ́n. Wọ́n rọ́ ọ sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ hun, èyí tí ó lè gbà ju 40 kílò lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè kún dáradára. Lẹ́yìn náà, wọ́n to apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ nínú tírélà, àwọn ọmọkùnrin tí ń bá ọkọ̀ lọ sì jókòó sí orí gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ju 700 kìlómítà lọ ni wọ́n óò rìn. Wọ́n óò gba Jẹ́bbà, wọ́n óò gba Ìlọrin, nínú oòrùn, nínú kòtò, àti nínú ìdúró wákàtí mélòó kan níbi tí àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà bá ti na ọwọ́. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ń ru èyí tí ó wà lókè. Ìgbà tí ọ̀kan bá fọ́, omi rẹ̀ a ro sára èkejì, ìdíbàjẹ́ a sì ràn kálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ pé nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún tòmátò tí a ń kórè ní Nàìjíríà ni ó ń ṣègbé kí ẹnikẹ́ni tó fi sẹ́nu. Ẹ wò ó báyìí: orílẹ̀-èdè kan náà ni ó ń ra tòmátò inú agolo láti ilẹ̀ Ṣáínà àti Ítálì. Ilé iṣẹ́ Dangote kọ́ ẹ̀rọ ìlọtòmátò sí Kadawa, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016, kò sì pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró, nítorí pé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ti jẹ oko run ní ọdún náà, tòmátò tí ẹ̀rọ yóò lọ̀ kò sì tó. Bí ó bá pọ̀, ó ń jẹrà lójú ọ̀nà. Bí ó bá wọ́n, ẹ̀rọ ń jókòó. Ní àárín méjèèjì ni owó oúnjẹ àwọn ọmọ wa wà.

Àwọn ará Ọ̀ṣogbo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìnàjò ọjà. Ní ọdún 1907 ni ojú irin láti Èkó dé ìlú yìí, kí ó tó kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bbà. Láti ìgbà náà ni Ọ̀ṣogbo ti di ibi tí ọjà ìsàlẹ̀ àti ọjà òkè ti ń pàdé. Obì tí wọ́n ń kó láti ilẹ̀ yìí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, apẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn baba àti ìyá wa kò kan da obì sínú apẹ̀rẹ̀ lásán. Wọ́n a ṣa èyí tí kòkòrò ti dá lu kúrò, wọ́n a fi ewé gbòdògì tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n a sì fi ewé náà bò ó lókè. Bí wọ́n bá dúró lójú ọ̀nà, wọ́n a tú u wò, wọ́n a pààrọ̀ ewé tí ó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni obì fi ń rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí yóò sì dé Kano ní tútù. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé apẹ̀rẹ̀ ni ọ̀tá. Ọ̀tá ni bí a ti ń lo apẹ̀rẹ̀ fún ẹrù tí kò bá a mu, láìsí ìtọ́jú tí àwọn tí ó ṣáájú ń ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tòmátò ni ẹlẹ́rìí òwe yìí.

Oògùn rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn Àgbáyé (FAO) àti àwọn mìíràn ti ń gbà á nímọ̀ràn pé kí a fi kíréètì oníke rọ́pò apẹ̀rẹ̀: irú èyí tí ó ní ihò lára fún afẹ́fẹ́, tí ó le, tí a lè to lórí ara wọn kí ẹrù èyí tí ó wà lókè má baà tẹ tòmátò èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Nǹkan bí 20 sí 25 kílò ni kíréètì kan ń gbà. Tòmátò tí ó bá wọ inú rẹ̀ ní Kura lè jáde nínú rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo bí ó ti wọlé. Gbogbo ẹni tí ó mọ ọjà ni ó mọ èyí. Kí ló dé tí apẹ̀rẹ̀ kò tíì kúrò lójú ọ̀nà?

A lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà kí a lè gbọ́ ti ẹnu wọn, nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tí ó jókòó sínú yàrá ìpàdé láti pe ọlọ́jà ní aláìmọ̀kan. Wọn kò ṣe aláìmọ̀kan rárá. Ìyá kan tí ó ti ta tòmátò láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọge ṣe àlàyé rẹ̀ fún wa ní ẹsẹ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Owó apẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ti wà nínú owó tòmátò. Bí ó bá ti dé, ó ti parí, kò sí ẹni tí ń dá apẹ̀rẹ̀ padà sí òkè Ọya. Ṣùgbọ́n kíréètì wọ́n. Ta ni yóò ra á? Àgbẹ̀ kò ní owó. Ọlọ́kọ̀ sọ pé kíréètì ń gba àyè nínú ọkọ̀ ju apẹ̀rẹ̀ lọ. Alágbàtà a máa bẹ̀rù pé bí òun bá rà á, yóò di ohun tí wọ́n fi ń pọn omi ní ilé ẹlòmíràn. Àti pé, ó ní, apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ọjà fi ń díwọ̀n. Bí òun bá gbé kíréètì kalẹ̀, oníbàárà yóò ní òun ti gé ọjà kúrò. Ní ti tòmátò tí ó ti rọ̀, òun kì í dà á nù. Òun a kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ẹ̀ṣà, àwọn tí owó wọn kò ká tòmátò líle a sì rà á. Ó wò wá lójú, ó ní, “Òfò tí ẹ ń wí yìí, ṣé mo jẹ ẹ́ ni? Mo ti kó o lé orí èyí tí ó dára.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Owó tòmátò tí ó jẹrà kò ṣègbé pẹ̀lú tòmátò náà. Orí èyí tí kò jẹrà ni wọ́n gbé e lé, orí rẹ̀ náà ni ilé ìdáná wa ti san án, inú owó oúnjẹ ni ẹ̀yin sì ti san án fún wa. Nígbà tí a bá ra apẹ̀rẹ̀ kan, a ti san owó omi tí ó ro sílẹ̀ ní Jẹ́bbà, a sì tún san owó ọkọ̀ tí ó gbé omi náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a tún wá san owó ẹni tí yóò kó ìdọ̀tí náà kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìdọ̀tí yẹn kò sì dákẹ́ níbi tí a dà á sí. Oúnjẹ tí ó bá ń jẹrà a máa tú afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé oúnjẹ tí ó ń ṣòfò ní gbogbo ayé ni ó ń fa nǹkan bí ìdá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń ṣe ìwúre pé kí òjò rọ̀ ní àkókò rẹ̀ ní ìdí láti ro èyí.

Nígbà tí ìyá náà ń sọ̀rọ̀ nípa kíréètì tí kì í padà, ọ̀kan nínú wa rántí ohun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó ti gbàgbé ìgò mínírà? Ní ìgbà tí a wà ní ọmọdé, kò sí ọmọ tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti ra mínírà láìmú ìgò òfìfo dání. Bí kò bá sí ìgò lọ́wọ́ rẹ, ìwọ yóò fi owó ìdógò sílẹ̀, tàbí kí o dúró níwájú ìsọ̀ kí o mu ún tán. Ilé tí ó bá ń ṣe ìnáwó, wọ́n a yan ọmọkùnrin kan tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni láti máa ka òfìfo. Ìgò kan lè lọ kí ó bọ̀ fún ọdún púpọ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi funfun níbi tí ìgò mìíràn ti ń gbá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ọtí International Breweries tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1971 ṣe ń kó ìgò rẹ̀ padà láti ilé dé ilé. A mọ̀ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ ni wá, a kò sì sọ pé kí ẹ mu ohun tí wọ́n ń pọn níbẹ̀. Ìgò nìkan ni a ń wí.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó wàásù fún wa nípa àyíká nígbà náà. Owó ìdógò ni ó ń wàásù. Ìgò kì í sùn sínú gọ́tà nítorí pé owó wà lórí rẹ̀, ọmọdé tí ó bá sì rí i nílẹ̀ yóò mú un sáré. Ìgbà tí ìgò oníke dé, tí a mu ún tán tí a sọ ọ́ sílẹ̀, ni ìṣòro dé. Omi inú ọ̀rá náà sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá rìn láàárín Òkè-Baálẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá yóò rí ibi tí gbogbo wọn ń gbà lọ: inú gọ́tà, láti ibẹ̀ sínú odò kékeré, láti ibẹ̀ sínú odò Ọ̀ṣun tí ayé ń wá wò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe mínírà àti oúnjẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2018, Food and Beverage Recycling Alliance, kí wọ́n lè máa kó oníke wọn padà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ìyàtọ̀ wà láàárín kí a máa kó ohun tí a ti sọ nù, àti kí a má ṣe sọ ọ́ nù rárá. Èkejì ni àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá ọlọ́jà ti wà nílẹ̀. Kíréètì yóò padà bí owó ìdógò bá wà lórí rẹ̀. Kò yẹ kí àgbẹ̀ ra á, kò sì yẹ kí ọlọ́jà ra á. Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni ín, kí wọ́n máa yá a jáde, kí wọ́n gba owó ìdógò lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà nígbà tí ó bá gbé e dé. Àpẹẹrẹ irú èyí kò jìnnà. Ọmọ Nàìjíríà kan, Nnaemeka Ikegwuonu, dá ColdHubs sílẹ̀ láti Òwẹ́rrì: yàrá tútù tí oòrùn ń fún ní iná, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú ọjà àti ẹ̀bá oko. Àgbẹ̀ kò ní láti ra yàrá náà. Iye kíréètì tí ó bá gbé síbẹ̀ ni yóò san owó lé lórí lójoojúmọ́. Ọgọ́rùn-ún náírà lórí kíréètì kan lójúmọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ lọ́lá kí ẹ tó ṣe irú nǹkan báyìí. Ẹ kàn gbọdọ̀ lè kà á.

A gbọ́ ohùn tí yóò dìde. Àwọn tí ń hun apẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè rere ni, a kò sì ní ìdáhùn tí ó kún sí i. Obì ṣì ń fẹ́ apẹ̀rẹ̀, adìẹ ń fẹ́ ẹ, ata gbígbẹ ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a kò lè máa ju ìdajì ìkórè nù kí iṣẹ́ ìhunapẹ̀rẹ̀ má baà dínkù. Ibi tí a dúró sí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ dùn wá díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà kò gùn tó ti tòmátò, ṣùgbọ́n ó burú jù ú lọ. Ilé ẹ̀kọ́ a máa ra ẹ̀wà púpọ̀ nígbà ìkórè nígbà tí ó rọjú; ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Kí sáà kejì tó parí, kòkòrò a ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Láti dènà èyí, àwọn olówò mìíràn a máa da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà, irú èyí tí kò yẹ kí ó sún mọ́ oúnjẹ rárá. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de títa irú oògùn bẹ́ẹ̀, dichlorvos, nínú ìgò kékeré ní ọjà. Síbẹ̀ ọ̀nà kan wà tí kò ní oògùn nínú: àpò aláwẹ́ mẹ́ta tí a ń pè ní PICS, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá méjì wà nínú, àpò líle kan wà lóde. A ó rọ ẹ̀wà gbígbẹ sí i, a ó fún afẹ́fẹ́ jáde, a ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan ní líle. Kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tí ó kù tán, yóò sì kú. Ìwọ̀nba náà ni. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí lórí ìtọ́jú ohun oko, NSPRI, wà ní Ìlọrin, kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ wọn láti ọdún 1948 ni láti kọ́ ènìyàn ní irú nǹkan báyìí. Kò sí ìdí kan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa yóò fi jẹ ẹ̀wà tí ó ní òórùn oògùn. Lórí kókó yìí a kò ní í rọ ohùn wa.

Ní ilẹ̀ Japan lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀gbẹ́ni kan ní ilé iṣẹ́ Toyota, Taiichi Ohno, jókòó ó ka oríṣi òfò méje tí ó wà nínú iṣẹ́ wọn. Mélòó kan nínú wọn yóò ya òǹkàwé lẹ́nu: ó ní kí a ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè, òfò ni, kí ọjà máa jókòó sínú ilé ìkẹ́rù, òfò ni, kí ènìyàn dúró láìrí nǹkan ṣe nítorí pé ohun tí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ kò tíì dé, òfò ni. Gbogbo ayé ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ni òṣómàáló?

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó wà láàárín wa ti mọ ibi tí a ń lọ. Òṣómàáló ni oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ó ń gbé aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí ó ń tà á ní àwìn, tí ó sì ń padà wá gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè kò bá san, yóò lóṣòó sí iwájú ilé rẹ̀, kò sì ní í dìde títí owó yóò fi jáde. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ẹ̀rín ni a máa ń fi ìtàn yìí rín. Àwa rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni òṣómàáló fi ń ru ọjà, nítorí náà kò jẹ́ ru èyí tí kò ní í tà. Ó mọ ìyá Adé ní abúlé kan tí ó fẹ́ aṣọ aláró, ó mọ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó ní oṣù kẹta. Ó mọ iye aṣọ tí ìlú kọ̀ọ̀kan lè gbà kí ó tó kúrò ní Iléṣà. Ní òde òní, àwa tí a ní kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù tí a kò mọ ẹni tí yóò rà á, a ń pè é ní ìdàgbàsókè, a sì ń háyà ilé láti tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ yóò fi kọjá.

Ó yẹ kí a fi ọwọ́ kan ara wa náà. Ní àjọ̀dún kan tí kò pẹ́ púpọ̀, àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ oúnjẹ pàṣẹ ìrẹsì inú abọ́ fúyẹ́fúyẹ́ láìka iye ènìyàn tí yóò wá, a kàn sọ pé “kí ó pọ̀, kí ojú má tì wá.” Ojú kò tì wá ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì ni ó tì wá, nígbà tí a rí abọ́ tí a kò ṣí lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí ewúrẹ́ ń tú wọn, tí afẹ́fẹ́ ń gbá àwọn tí ó ti ṣófo lọ sí ọ̀nà gọ́tà. Irú abọ́ yẹn ni ìjọba Èkó fi òfin dè ní oṣù kìíní ọdún 2024. A kò tíì rí òfin bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìtàn búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì kò ní láti dúró de òfin. Gbogbo wa ni a mọ apá àkọ́kọ́ ìtàn náà, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin ṣe yó. Apá kejì ni a kì í wàásù lé lórí: pé Olúwa, ẹni tí ó lè pèsè òmíràn, rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ padà sínú pápá láti lọ ṣa àjẹkù, wọ́n sì kún agbọ̀n méjìlá.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń tajà, tí ẹ ní ilé oúnjẹ, tí ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù, ka ohun tí ẹ ń dà nù fún oṣù kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. A ti ṣe é, ó bà wá nínú jẹ́, ó sì ṣe wá ní àǹfààní. Kí ilé ẹ̀kọ́ ra àpò PICS kí ẹ̀wà ọdún yìí tó dé. Ní àjọ̀dún yìí, inú ewé eéran ni mọ́ínmọ́ín yóò wà, ẹ ó sì rí ìkòkò omi àti ife tí a ń fọ̀ dípò omi inú ọ̀rá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ife tirẹ̀, kí ó mú un wá láti ilé. Ìwé tí ó pè yín ní àyè kan fún orúkọ àwọn tí yóò wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́, nítorí iye rẹ̀ ni a óò sè.

Ní ti kíréètì, a ti dá owó jọ láàárín ara wa, a sì ti ra díẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà láti fi wọ́n gbé tòmátò ilé ẹ̀kọ́ fún sáà kan ṣoṣo, kí ó lè wò ó. A san owó ìdógò fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n óò sùn sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ ìdí aṣọ, ó sì sọ fún wa pé bí ẹyọ kan bá sọ nù nínú ọgbà wa, owó ìdógò yẹn kò tó. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá òun, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni òun yóò lóṣòó sí.